Ẹ jẹ́ kí kóyà wọlé ná kẹ́ẹ tó gé orin

Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣètò orin lórí rédíò, ta ló ní kí wọ́n máa gé orin tí ò tíì parí? Alẹ́ Sọ́ńdè tó kọjá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Gilbert Kaplan sí i, símúfónì kejì ti Mahler (orin gígùn tí Mahler kọ fún ọ̀kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin), èyí tí Kaplan àti London Symphony Orchestra ṣe lọ́dún 1987. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo fa àga mọ́ rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, pé olówó tó ń tẹ ìwé ìròyìn okòwò ló bá ní òun fẹ́ ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ (kì í ṣe ti ọkọ̀ o, ẹni tó ń darí ọ̀kẹ́sírà là ń wí). Mo fara dà á. Ó ti lé ní wákàtí kan tí mo ti jókòó, orin dé apá karùn-ún, ibi tí kóyà, ìyẹn ẹgbẹ́ akọrin, ti máa wọlé, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n sì máa ń wọlé níbẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọ tó ń sùn, o ò ní tètè mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gé e sí. Ìpolówó ọṣẹ ni mo gbọ́. Ọṣẹ!

Ibi tí gbogbo orin yẹn ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ṣé wọ́n á pe èèyàn wá jẹun kí wọ́n wá gbé àwo nígbà tó ku ẹran?

Lóòótọ́ Kaplan ò fi orin ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún 1965 ló gbọ́ símúfónì yìí ní Carnegie Hall, gbọ̀ngán orin kan ní New York, kò kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́, nígbà tó di 1982 ó fowó ara ẹ̀ háyà ọ̀kẹ́sírà ní New York kó lè darí ẹ̀. Àwọn olórin kan nínú ọ̀kẹ́sírà New York Philharmonic ráhùn lórí bó ṣe darí wọn lọ́dún 2008, ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn náà ṣáà bá a ṣeré tán kí wọ́n tó ráhùn. Àwọn ọ̀gá rédíò tó jókòó sínú AC yìí ò tiẹ̀ jẹ́ ká gbọ́ ọ débi tí kóyà ti wọlé!

Tó bá jẹ́ torí owó ìpolówó ni, Mahler fúnra ẹ̀ ti bá wọn ṣe é. Ó kọ ọ́ sínú ìwé orin yẹn pé lẹ́yìn apá kìíní, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko! Ibẹ̀ ni kí wọ́n kó gbogbo ọṣẹ wọn dà sí, ìyẹn ìpolówó bíi mẹ́wàá, kí wọ́n fi ti ọtí àti ti fóònù kún un, kí wọ́n ka ìròyìn tó bá wù wọ́n, a ò ní bínú, tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti pé kí wọ́n padà sórí apá kejì kí wọ́n má sì fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí tó fi máa parí. Kí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tó darí ẹ̀ sílẹ̀ dìgbà tórin bá tán.

Títí dòní, létí tèmi, kóyà yẹn ò tíì wọlé.