Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́rin?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wà ní Ìpakodò, Ìkòròdú, ó ti lé lógún ọdún. Lóṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá háyà mi. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹnjiníà tó jẹ mọ́ ìtọ́jú òkun àti ọ̀sà làwọn ń kọ́. Ọdún kẹrin wọn rèé, síbẹ̀ méje nínú àwọn mẹ́sàn-án ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ọ̀kan ti ń bì ká tó kúrò létí èbúté.

Wọ́n gbé abọ́ pẹlẹbẹ kan dání, dúdú àti funfun, wọ́n so okùn oníkókó mọ́ ọn. Wọ́n ní àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló dán irú rẹ̀ wò ní 1865: ibi tójú ò bá ti rí abọ́ mọ́, ibẹ̀ ni kéèyàn ka okùn dé, kó lè mọ bí omi ṣe mọ́ gaara sí. Ó wù mí. Nítòsí ẹ̀rọ àwọn oníyanrìn, abọ́ ò tíì wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ tó fi pòórá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó parí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀? Ṣé Èrèlé ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí gbà.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Lásìkò òjò, odò Ògùn á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ omi á lọ sílẹ̀. Ewéko olódòdó àlùkò tó gba Àgbádárìgì wọlé ní 1984 á bo ojú omi, á máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì wa. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba Èkó wọlé, iyọ̀ á pa ewéko náà, á jẹrà sínú omi. Bó ṣe ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí. Ẹni tó wọn omi lóṣù Ọ̀wàrà nìkan, kí ló fẹ́ sọ nípa Èrèlé?

Mo rí gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún wọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fáíbà kan ńkọ́, àti láífù jákẹ́ẹ̀tì tó máa kárí gbogbo wọn? Kí wọ́n tó rà á, kí olùkọ́ wọn máa kó wọn wá lóṣooṣù. Owó epo nìkan ni n ó gbà. Kó má ṣáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Awakọ̀ ojú omi kan,
Ìpakodò, Ìkòròdú.