Kíkó ẹrù jáde nínú cloud ló wọ́n

Sí Olóòtú,

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà tí a ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní cloud, ti di ọjà bíi gaàrí: ibi tí owó kóńgò bá ti wálẹ̀ ni kí a ti rà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, n kò jiyàn. Ọgbọ́n pípín kọ̀ǹpútà ńlá kan sí ọ̀pọ̀, kí oníkálukú máa lo tirẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ín, ti wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ IBM láti nǹkan bíi ọdún 1967. Nígbà tí Xen, sọ́fítíwià tó ń ṣe irú pípín yìí, jáde láti Yunifásítì Cambridge ní 2003, tí KVM, irú rẹ̀ mìíràn, sì wọ inú Linux, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní 2007, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Orí Xen yìí ni Amazon gbé EC2, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àyálò rẹ̀, kà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá aráyé ní kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ní sẹ́ǹtì 10 fún wákàtí kan.

Ibi kíkó ìsọfúnni jáde ni wàhálà wà. Ní ẹ̀ka Amazon tó wà ní Amẹ́ríkà, owó ìpamọ́ gigabyte (ìwọ̀n ìsọfúnni) kan lórí S3, ibi ìpamọ́ ìsọfúnni wọn, fi díẹ̀ ju sẹ́ǹtì 2 lọ lóṣù, ṣùgbọ́n sẹ́ǹtì 9 ni wọn yóò gbà kí ẹ tó gbé e jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá ti lo gigabyte 100 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ lóṣù náà tán. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìpamọ́ oṣù mẹ́rin. Kíkó o wọlé ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni. (Ẹni tí ó bá ta gaàrí bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, ariwo ni yóò lé e kúrò lọ́jà.) Ẹni tí ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé DynamoDB, àkójọ ìsọfúnni (database) ti Amazon, yóò tún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kọ kí ó tó lè kó lọ sọ́dọ̀ Google. Lóòótọ́, ní 2024, Google, Amazon àti Microsoft yọ̀ǹda owó ìjáde yìí fún ẹni tí ó bá ń kó kúrò pátápátá, òfin Data Act ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ní kí owó ìṣípòpadà kásẹ̀ ńlẹ̀ ní oṣù Kìíní 2027. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fa ìsọfúnni rẹ̀ jáde lójoojúmọ́ ṣì ń san tirẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ra ẹ̀rọ tiwọn náà kò bọ́. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Broadcom ra VMware, tó ń ta sọ́fítíwià pípín kọ̀ǹpútà, ní oṣù Kọkànlá 2023, kò ju oṣù kan lọ tí ó fi dá títa ìwé àṣẹ àràlò-títí dúró, àsansílẹ̀ ló kù. Xen àti KVM wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n VMware nìkan ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn mọ̀ ọ́n lò. Ní tiwa, dọ́là tí ọ̀pọ̀ wa fi ń san owó yìí kúrò ní nǹkan bíi 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, ó sì ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ kankan tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ní kí a kọ iye owó ìjáde sínú rẹ̀ ní náírà, kí wọ́n sì gbé ẹ̀dà ìsọfúnni wọn sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kí ọdún kìíní tó pé, kí wọ́n wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn.