Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní Mararaba, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda mi fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, torí mò ń múra ìdánwò. Bàbá kan tó ní ilé ìwé aládàáni béèrè pé ìdánwò kí ni. Mo ní ti HR ni, iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́, pé ọjọọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ kọ́ ọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Kéèyàn gba ọmọ síṣẹ́, kéèyàn lé ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, èwo ni tìwé nínú ẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ẹ bá mi fi ìdáhùn mi jíṣẹ́ fún wọn, mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín.

Bàbá yìí kan náà ò jẹ́ gbé aṣọ òkè fún télọ̀ tí kò kọ́ṣẹ́. Wọ́n á béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ, wọ́n á béèrè bóyá ó ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Àbúrò ìyàwó wọn ni wọ́n wá fi ṣe olórí gbogbo àwọn olùkọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ ta ni ìyẹn ti kọ́ṣẹ́?

Ẹ má rò pé ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe èmi gan-an ní HR kí n tó ka ìlà kan nínú òfin iṣẹ́. Ilé àmàlà kan ní Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀. Akọ̀wé ni wọ́n gbà mí fún, OND ni mo ní. Nígbà tí Ìyá tó ni ilé oúnjẹ rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa, tí mo sì gbọ́ Haúsá díẹ̀, wọ́n ní kí n máa ṣe HR. Ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kò ju ìwé gígùn kan àti bírò pupa lọ. Bírò pupa yẹn ni ti owó tí à ń yọ. Ẹni tó bá pẹ́, a yọ. Ẹni tó bá fọ́ abọ́, a yọ. Ẹni tí oníbàárà bá jẹun sá lọ lójú ẹ̀, a yọ.

Ọmọkùnrin Gbagyi kan wà tó ń fọ abọ́, ₦30,000 lowó oṣù ẹ̀. Lóṣù kan, kúlà oúnjẹ ńlá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdérí ẹ̀ là sí méjì. Ìyá ní ₦14,000 lowó kúlà. Mo fi bírò pupa kọ 14 síwájú orúkọ ẹ̀, mo ka ₦16,000 lé e lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká a, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó sì padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ní Sátidé kẹta, olùkọ́ wa, ọmọ Kogí kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, ní ká ṣí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sí abala karùn-ún. Òfin àwọn ọdún 1970 ni o, wọn ò tíì bí mi. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé àpapọ̀ owó tí wọ́n bá yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ ti nǹkan tó bà jẹ́, àfi kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, bó tiẹ̀ wá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Mo fi fóònù ṣírò ẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦30,000, ₦10,000 ni. Èmi yọ 14. Ìwé àṣẹ ta ni mo gbà? Fáànù ń fẹ́ lórí mi, òógùn sì ń bò mí. Bàbá, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n tún kọ́ wa pé láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un níwèé tó sọ iye owó ẹ̀, wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè fi ara wọn sílẹ̀. Nínú àwa mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀: ọ̀gá á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wá, òṣìṣẹ́ á mú mẹ́jọ. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024, kò mú wa, torí a ò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èyí ló tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Òfin Iṣẹ́ yẹn kì í ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso mọ́ òṣìṣẹ́. Èmi HR tí mò ń ka òfin fún ẹlòmíì, ó ṣeé ṣe kó má bo èmi alára.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan, pé ká mú òṣìṣẹ́ kan, ká kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láti ìgbà tó bá dé títí tó fi máa lọ. Mo mú ìyá tó ń rokà fún wa. Lójú mi, ìlà méjì ni: ó ń rokà, ó ń dì í sí ọ̀rá. Mo lọ jókòó tì í láti aago márùn-ún ìdájí. Ó fi asẹ́ jọ èlùbọ́, ó gbé omi kaná, ó rokà, ó ń mi sílíńdà gáàsì wò bóyá ó ti fẹ́ tán, ó ń kọ́ ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Nígbà tí ẹni tó ń gbowó há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Nyanya, òun ló nuwọ́ nù tó ń gbowó. Ìlà mẹ́rìnlá ni mo kọ. Olùkọ́ wò ó, ó ní, "Èèyàn mélòó lẹ kọ síbí yìí?" Owó ẹni kan là ń san fún un.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ HR yìí, nǹkan Èkó ni. Lóòótọ́, Alausa ní Ikeja ni oríkò CIPM wà, ẹgbẹ́ tí òfin 1992 fún láṣẹ láti pinnu ìmọ̀ tó yẹ kí oníṣẹ́ HR ní. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Àbújá. Jos, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ni oríkò ITF sì wà, àjọ tí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún, tí ẹni tó bá fi kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ sì lè gba apá kan padà. Mélòó nínú àwọn ọlọ́jà àti onílé ìwé wa tó wà láti Kubwa dé Keffi ló tíì béèrè tiwọn?

Àwọn mìíràn nínú kíláàsì wa, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti CIPD, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ HR níbẹ̀, torí wọ́n fẹ́ jápa. Mi ò bá wọn jà. Ẹgbẹ́ yẹn ti pẹ́, 1913 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú York, nínú ilé iṣẹ́ ṣokoléètì (kòkó ló tún wà nídìí ẹ̀, àbí ẹ ò rí i), orúkọ tí wọ́n sì fún un nígbà yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Ìtọ́jú! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Garki, kó kọ́kọ́ mọ abala karùn-ún tiwa. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ò ní sọ ọ́ fún un.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé kíláàsì abala karùn-ún yẹn, lẹ́yìn tí èrò ọ̀sán ti túká, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Èmi tí mò ń bọ́ wọn láràárọ̀, òfin wo ló bọ́ wọn?" Mo ní, "Mà, oúnjẹ tí ẹ ń fún wọn ò sí nínú ìwé mi. Gbèsè kúlà ló wà níbẹ̀." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi bá mi ṣàwàdà. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fún gbogbo wa, wọ́n sì ń kùn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú owó kúlà, ₦4,000 tó lé lórí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà láti dá padà, wọn ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n ní ká ṣì máa wò ó ná.

Ọmọkùnrin tó ń fọ abọ́ ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi Haúsá mi tó ń ta gẹ́gẹ́ túmọ̀ lẹ́tà náà fún un láti òkè délẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó oṣù, ọjọ́ mẹ́fà tó máa fi sinmi lọ́dún. Ó ní kí n padà síbi ìsinmi yẹn, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá béèrè pé ọjọ́ mẹ́fà náà, ṣé wọ́n máa sanwó ẹ̀ ni àbí wọ́n máa yọ ọ́.

Mo ní wọn ò ní yọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Mararaba, ẹ̀bá Àbújá.