Ẹ bá wa bi wọ́n: ọdún mélòó ni wọn yóò fi rántí fóònù tí wọ́n ti tà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní Android àti iPhone ti pín ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àfi kí ẹ̀kẹta dé kí ara tó tu àwa tí à ń ra fóònù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ni mo ti ń tún fóònù ṣe, àwọn tó fẹ́ jẹ́ ẹ̀kẹta yẹn sì ti gba orí tábìlì mi kọjá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Nokia ni ọba. Ètò kan tó ń jẹ́ Symbian ló ń darí àwọn fóònù rẹ̀ tó gbayì jù. Lóṣù kìíní ọdún 2007, Steve Jobs fi iPhone han aráyé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2008, fóònù àkọ́kọ́ tó ń lo Android ti Google, tí HTC ṣe, ti dé ọjà. Lóṣù kejì ọdún 2011, Nokia fẹnu ara rẹ̀ kéde pé ètò Windows Phone ti Microsoft lòun ń bá lọ. Microsoft ra ẹ̀ka fóònù rẹ̀ lọ́dún 2014, ọdún kejì rẹ̀ ló kéde àdánù bílíọ̀nù 7.6 dọ́là lórí rẹ̀. HP náà ra ilé-iṣẹ́ Palm ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́dún 2010 nítorí webOS, ètò tó ń darí fóònù Palm, kò sì pé ọdún méjì tó fi pa fóònù ṣíṣe tì.

Kì í ṣe pé àwọn fóònù wọ̀nyí kò dára. Èmi fẹ́ràn Windows Phone. Ó máa ń yára lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Áàpù ló pa á. Ẹni tó ń kọ áàpù kò fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣòfò lórí ohun tí èèyàn díẹ̀ ń lò, ẹni tó fẹ́ ra fóònù kò sì ní ra èyí tí áàpù báńkì rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbà fún èkejì? Huawei tó mú HarmonyOS, ètò tirẹ̀, jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2019, Amẹ́ríkà ló ti ká a mọ́ igun lóṣù karùn-ún, tí fóònù tuntun rẹ̀ kò fi lè gbé áàpù Google mọ́. Ó sì ní ọjà ńlá ti Ṣáínà lẹ́yìn. Mélòó ló ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ra fóònù tí ètò rẹ̀ kú. Bàbá kan gbé tirẹ̀ wá, n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ojú fóònù náà kò ní ìlà kankan, bátìrì rẹ̀ le koko. Áàpù kan ṣoṣo ni kò ṣí mọ́, inú rẹ̀ sì ni ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí wà. Mo tú fóònù náà, mo tún un tò, kí ó má baà rò pé n kò gbìyànjú. “Ọmọ mi, kí ló ṣe é?” Kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn tó bí i ni wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán nìkan ni mo rí kó jáde fún bàbá náà, n kò sì lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá òǹkàwé yín retí ẹ̀kẹta. Ìdíje tó ṣe wá láǹfààní lójú tèmi ni ti ọdún update, ìyẹn iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ yóò fi máa tún ètò fóònù tó ti tà ṣe. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù Android kì í rí ju ọdún méjì lọ, nígbà tí iPhone 6s tó jáde lọ́dún 2015 ṣì gba iOS 15, ètò tuntun ti iPhone nígbà náà, lọ́dún 2021. Ojú wá ti àwọn yòókù. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8. Lóṣù kìíní ọdún 2024, Samsung ṣe bákan náà fún Galaxy S24. Android àti iPhone tí òǹkàwé yín ní wọ́n pín ayé yìí náà ló ti ara wọn débẹ̀. Àmọ́ orí fóònù olówó ńlá ni ìlérí náà ti bẹ̀rẹ̀, ti tálákà kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ojú ìwé tí ẹ fi ń ṣàpèjúwe fóònù tuntun ni mo bá dé. Ẹ máa ń ka iye kámẹ́rà rẹ̀ fún wa, ẹ máa ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ kọ ọdún tí update rẹ̀ yóò parí. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò sọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Atúnfóònùṣe