Sí ìyá tó fi akẹtẹ̀ bojú ní Ganvié, ìlú orí omi ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni ọmọ Èkó tó jókòó sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́sàn-án Sátidé yẹn lórí ọ̀sà Nokoué, tó na fóònù sí yín lójú láìkí yín, láìtọrọ àyè. Ẹ ò bú mi. Ẹ kàn fi ọwọ́ kan fa akẹtẹ̀ wálẹ̀ bojú, ọwọ́ kejì ò fi àjẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ yín, omi mímu, wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pọn ọ́n níbi ẹ̀rọ ni. Omi yí ilé yín ká, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ wakọ̀ kẹ́ ẹ tó rí omi mu, èmi dẹ̀ rèé, mo mu omi oníke dé ìdajì mo jù ú sábẹ́ ìjókòó torí pé ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri sọ pé ìgbà òwò ẹrú làwọn baba ńlá yín sá wọ inú omi, pé èèwọ̀ ni fáwọn ọmọ ogun ọba Dahomey láti bá èèyàn jà lórí omi. Ibi tí wọ́n sá sí kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn mú, ibẹ̀ lèmi wá sanwó ọkọ̀ kí n lè ya àwọn ọmọ wọn ní fọ́tò. Ó dùn mí gan-an mà.

Èyí tí mi ò lè sọ fún ẹnì kankan nínú ọkọ̀ yẹn ni pé ojoojúmọ́ ni mò ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá, Màkókó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn Ègùn ló pọ̀ níbẹ̀, ilé orí igi nínú omi bíi tiyín, àwọn ìyá tó ń wakọ̀ bíi tiyín, ohun témi sì máa ń ṣe ò ju kí n gbé gíláàsì mọ́tò sókè torí èéfín. Ọdún mẹ́sàn-án! Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan rí. Àfìgbà tí mo sọdá Sẹ̀mẹ̀, tí mo sùn sínú AC ní Kútọnu, kí n tó ní ojú tí mo fi ń wo ilé orí omi.

Mo ti pa fọ́tò yẹn rẹ́. Ojú yín ò sí níbẹ̀ náà, akẹtẹ̀ àti apá yín nìkan ni. Ẹ lè má gbọ́ Yorùbá, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó máa ka èyí fún yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Tí mo bá tún wá, màá kọ́kọ́ kí yín.