Adájọ́ Lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn, Ẹjọ́ Wa Padà sí Ìbẹ̀rẹ̀

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi gidigidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la dé kóòtù kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ níbí, tí akọ̀wé kóòtù sọ fún wa pé adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí wa ti di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ o, bí ẹni tó ń pe èèyàn síbi ìsọmọlórúkọ. Adájọ́ mìíràn ni yóò gba fáìlì wa, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Látìbẹ̀rẹ̀ kẹ̀! Àgbà ẹbí wa tó mọ ààlà ilẹ̀ náà, tó mọ ẹni tó gbin pèrègún ibẹ̀, ti jẹ́rìí tán níwájú adájọ́ tó lọ yìí. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí Baba ń sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ rọra, Baba, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́," Baba á dákẹ́, á di ọ̀pá rẹ̀ mú, á tẹjú mọ́ bírò náà títí yóò fi dúró. Baba ti kú báyìí. Ta ni yóò tún ẹ̀rí yẹn jẹ́? Lọ́yà wa ní òfin gbà kí a lo ohun tí òkú ti sọ ní kóòtù, ṣùgbọ́n lọ́yà àwọn tí à ń bá ṣẹjọ́ ti ń múra láti ta kò ó. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà á, adájọ́ tuntun kò rí ojú Baba, kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò bínú sí ẹni tí wọ́n gbé ga. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní èèyàn gbọ́dọ̀ ti di lọ́yà fún ọdún 10, ó kéré tán, kó tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ti Kòtẹ́milọ́rùn jẹ́ ọdún 12. Ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Adájọ́ Kudirat Kekere-Ekun tó di adájọ́ àgbà Nàìjíríà: 1981 ni wọ́n di lọ́yà, 1996 ni wọ́n di adájọ́ l'Ékòó, ó di 2004 kí wọ́n tó dé Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tó bá ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ̀ dáṣọ ẹbí, ó tọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìlù tí wọ́n ń lù, ta ló rántí àwa tí a fi ẹjọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn?

Àwọn ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbìmọ̀ NJC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ Nàìjíríà, ló ń dábàá orúkọ fún Ààrẹ, kì í ṣe iṣẹ́ òru. Ìwé ìròyìn á ti gbé orúkọ náà tipẹ́ kí wọ́n tó búra fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n wá ń fi àkókò yẹn ṣe? Wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú ni. Òfin kan jáde ní 2015 pé kí adájọ́ tí wọ́n gbé ga lè padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ti ń gbọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e lóṣù karùn-ún 2020, lórí ẹjọ́ tí wọ́n fi kan Orji Uzor Kalu, gómìnà Ábíà tẹ́lẹ̀, àti àwọn mìíràn. Ti ọ̀daràn nìyẹn o, wọn ò tilẹ̀ ro ti àwa ẹlẹ́jọ́ ilẹ̀.

Bí kò bá sí àtipadà, ẹ dá ìbúra dúró. Gbàrà tí orúkọ adájọ́ bá ti wà lára àwọn tí NJC dábàá, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ má fún un ní ẹjọ́ tuntun mọ́. Èyí tí ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Lọ́yà tó bá ń tọrọ ọjọ́ láìnídìí, kó sanwó ìtanràn. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ẹjọ́ náà mọ́ ògiri kóòtù, kí wọ́n máa fa ilà sí èyí tó bá parí, kí gbogbo wa máa rí i. Ìgbà tí wọ́n bá fa ilà sí èyí tó kẹ́yìn ni kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìbúra. Wọ́n á ní Kòtẹ́milọ́rùn nílò adájọ́, pé adájọ́ 3 ló ń jókòó lórí ẹjọ́ kan níbẹ̀. Mo gbọ́. Ẹjọ́ tí kò parí nísàlẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lókè?

Kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ gba ohùn ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Kí wọ́n fi adájọ́ kún ti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì.

Láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kì ti ṣí ní 2023 ni gbogbo ayé ti ń wá ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tí à ń bá ṣẹjọ́ sì ti ń já búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ náà. Baba tó jẹ́rìí ti kú, mo tún un sọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù nínú ẹbí tó mọ ààlà yẹn, àgbàlagbà sì ni òun náà. Kí adájọ́ tuntun tètè fún wa lọ́jọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tí inú ń bí