Maṣíìnì mẹ́fà ló jóná, kì í ṣe 'dúkìá olówó iyebíye'

Olóòtú mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò, mi ò sì ní fi bò.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, iná jó ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbàdàn níbí. Ṣọ́ọ̀bù méje ni, tèmi ni ìkẹta láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ti di ọdún 21 tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi ra ìwé ìròyìn kan wálé, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yín jáde." Mo wá awò mi, mo jókòó, mo kà á. Wọ́n ní ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu lọjọ́ náà. Wọ́n ní iná ńlá kan ṣẹ́ yọ. Wọ́n ní dúkìá olówó iyebíye ṣòfò, ẹkún àti ìpayínkeke sì gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní títí di àsìkò tí àwọn fi ń kó ìròyìn náà jọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pàtó ohun tó fà á. Ó tán. Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, mo rò pé ó kù.

Dúkìá olówó iyebíye! Olóòtú, èmi ò ní nǹkan kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní ni maṣíìnì mẹ́fà: Butterfly dúdú mẹ́rin tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, wífìn kan tó ń di etí aṣọ, àti èyí tó tóbi tí mo fi owó àjọ ọdún kan àbọ̀ rà. Mo ní áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀mù. Mo ní àǹkárá aṣọ ẹbí àwọn èèyàn 22 tí mo ti gé, tí mi ò tíì rán tán. Mo tún ní ẹtù kan tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹtù yẹn. Opó kan ládùúgbò wa ló gbé e wá. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni, ó ní kí n tú u kí n fi rán búbá àti ìró fún ọmọ òun obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹtù gidi ni, aró rẹ̀ ṣú dùdù, funfun wínníwínní wà lára rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ibi tí ìyá yẹn máa ń ká a sí ti ṣá díẹ̀. Nígbà tí mo na tẹ́ẹ̀pù sí i, màmá náà dúró tì mí, ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ rọra gé e o." Àwọn baba wa kò pe gbogbo aṣọ òkè ní orúkọ kan náà. Èyí tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, sányán ni. Èyí tó pọ́n, àlàárì ni. Èyí tí aró mu, ẹtù ni. Àwọn tó ń hun aṣọ lórí òfì mọ ìyàtọ̀, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ mọ̀ ọ́n. Ìwé ìròyìn tó ń fi èdè wa jẹun wá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ó pè é ní dúkìá.

Bẹ́ẹ̀, oníròyìn dé ibẹ̀ o! Mo rí i. Ó ya fọ́tò, ó sì bi alága ìlà wa ní ọ̀rọ̀ méjì. Ká ní ó dúró ni, ì bá rí ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé nígbà tí mo ń fi igi tú eérú. Tábìlì igi ti jó lábẹ́ àwọn maṣíìnì náà, orí wọn já lulẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀kan. Àǹkárá ti di eérú fúláfúlá tí atẹ́gùn ń gbé lọ, ṣùgbọ́n lééṣì kò di eérú, ńṣe ló yọ́ tó dì mọ́ra bí ẹ̀bà àná. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń ṣa bọ́tìnì nílẹ̀. Ta ló ní kó ṣa á? Kò sẹ́ni tó rán an. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú èyí, ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí Ìkọ̀rodú ì bá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló jóná.

Àwa aránṣọ máa ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, òun la fi ń gé pátánì. Díẹ̀ wà nílé. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìròyìn wa, mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìròyìn iná mìíràn nínú wọn. Ó rí mẹ́ta: ti ọjà kan, ti ọkọ̀ epo kan, ti ilé kan. A fi ìwé pélébé bo orúkọ ìlú àti ọjọ́ lára gbogbo wọn, tiwa náà wà níbẹ̀, mo wá ní kó mú tiwa jáde. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejì ló mú ti ọkọ̀ epo. Gbogbo wọn ló jẹ́ ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu. Gbogbo wọn ni dúkìá olówó iyebíye ti ṣòfò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń bínú lé. Wọ́n ní ká lọ kọ orúkọ sí ọ́fíìsì kan, bóyá ìrànlọ́wọ́ á wà. Ẹni tó wà lórí àga béèrè ẹ̀rí. Mo kó fọ́tò sílẹ̀, mo kó ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó ka ìròyìn náà, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, mi ò rí maṣíìnì kankan níbí o." Mo ní mẹ́fà ni. Ó kọ "dúkìá" sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní kí n máa retí wọn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi owó ra dúkìá padà fún mi? Ẹni tí kò bá rí orúkọ nǹkan nínú ìwé kò ní san owó rẹ̀.

Èdè kan náà làwọn aláṣẹ ń sọ. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ní ìjọba kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, wọ́n á ní ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, wọ́n á ní àwọn máa tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ta ló fẹ́ tú u? Ọjọ́ wo? Kí ni wọ́n bá nísàlẹ̀ ìkòkò ti ọdún tó kọjá? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, tí kò ní iye, tí kò ní ọjọ́, kò sẹ́ni tó lè fi mú wọn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀yin oníròyìn ń gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn, ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Olóòtú, ìwé ìròyìn tiyín náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀dà yín tó jáde kẹ́yìn, mo ka "gbajúgbajà" nígbà 11. Olórin, òṣèré, oníṣòwò, olóṣèlú, gbogbo wọn ni gbajúgbajà, kódà ẹni tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá mú olè, ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi, ọwọ́ ṣìnkún ọlọ́pàá ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọ́n dùn. Ní báyìí, ojú ń kọjá lórí wọn bí ẹni ń kọjá lórí afárá tó ti mọ̀ látijọ́. "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní" náà ti di bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kì í fi ọ̀sán kan sọ̀rọ̀ láìpòwe, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ lòwe rẹ̀ máa ń bá, kì í fi ṣí ẹnu bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò.

Èdè wa kò tálákà. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ tó ń kiri àgbàdo. Kò ní sọ pé àgbàdo tó dára gan-an wà níbí. "Láńgbé jinná o!" ló ń ké, ẹlòmíràn á ní "Ó gbóná fẹlifẹli!", ẹ ó sì ti máa wá owó nínú àpò kó tó kọjá. Iná tiwa kò kàn "ṣẹ́ yọ". Wáyà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹfà ló ti ń ta pàràpàrà láti ìrọ̀lẹ́, ó wá sọ bùlà lójijì, èéfín ń rú tùù, páànù ń já lulẹ̀ gbàǹgà gbàǹgà. Ọmọ ọdún méje tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ṣé a wá ní kí ọmọ yẹn wá máa bá yín kọ̀wé ni?

Àwọn tó ṣíwájú yín mọ iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1859 tí òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń ta ẹ̀dà kan ní owó ẹyọ 120, làwọn èèyàn wa ti ń yọ owó lápò láti ka èdè wọn. Olùkọ́ wa ní girama fẹ́ràn láti máa sọ ti I. B. Thomas fún wa. Ní ọdún 1929 sí 1930, ó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Lẹ́tà sí olóòtú ni, bí irú èyí tí mò ń kọ yìí. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, nítorí ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń kọ orin tí wọ́n ń kọ nígbà ayé rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ẹni tí kò sí láyé rí, wọ́n gbà pé ó wà. Àwa wà láyé, iná jó wa, ìròyìn wa kò jọ ti ẹni tó wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí, mo sì ti dán an wò. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà lè ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ rán an dáadáa." Mi ò lè fi "dáadáa" gé aṣọ. Tẹ́ẹ̀pù ni màá nà: èjìká 15, àyà 40, gígùn 27. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fojú wọn aṣọ, tí kò na tẹ́ẹ̀pù, máa ju 100 náírà sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A fi owó náà ra oúnjẹ ọ̀sán ní ìparí oṣù. Láàárín oṣù mẹ́ta, agolo náà ti ń ṣófo. Ẹ gbé irú agolo bẹ́ẹ̀ síbi tí àwọn oníròyìn yín ń jókòó sí. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti gbó sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: dúkìá olówó iyebíye lókè pátápátá, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu tẹ̀lé e, gbajúgbajà, ọwọ́ ṣìnkún, tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan wá, kó jù ú, olóòtú náà kó ju tirẹ̀ tó bá jẹ́ kó kọjá. Kí oníròyìn máa mú ìwé kékeré dání, kó sì bi àwọn oníṣẹ́ pé, "Kí lẹ̀ ń pe èyí?" Káfíńtà tó wà nílà wa ì bá ti dá a lóhùn: ayùn, òòlù, ráńdà. Kó tó tẹ ìròyìn, kí ó fọwọ́ bo orúkọ ìlú. Tí ìròyìn náà bá lè jẹ́ ti ìlú mìíràn, kó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Kí àwọn olùkọ́ yé fún àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ tí wọ́n ń há sórí. Kí rédíò náà gbọ́.

Ní báyìí ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde bí mo ṣe kọ ọ́, kí n lè mú un lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ṣọ́ọ̀bù kìíní, ẹ̀rọ ìlọta méjì. Ìkejì, ti káfíńtà, àga mẹ́jọ tí wọn kò tíì kùn. Ìkẹta, maṣíìnì ìránṣọ mẹ́fà, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan, aṣọ ẹbí èèyàn 22. Ìkẹrin, dráyà mẹ́ta àti dígí gbọọrọ. Ìkarùn-ún, ìrẹsì àpò mẹ́rin àti epo kẹ́ẹ̀gì méje. Ìkẹfà, fóònù àwọn èèyàn tó wà fún àtúnṣe, ó jẹ́ 13. Ìkeje, bàtà tí ọkùnrin kan fọwọ́ rán. Àti ẹtù kan, ti ìyá ìyá ìyàwó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀, Ìbàdàn